Yìnyín Ẹnu Ẹ́ńjìnnì

Kí yunifásítì tó gbà mí síṣẹ́, inú kóòlùrúùmù ẹja kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, bí yìnyín bá ṣe nípọn tó ni inú ọ̀gá ṣe ń dùn tó. Lásìkò yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ ń hù ní Ọ̀tà bí olú, yunifásítì kan níbẹ̀ sì ń wá òṣìṣẹ́ tó mọ ẹ̀rọ amúǹkantutù. Wọ́n gbà mí fún oṣù mẹ́fà ná. Bí wọn ò bá rí àléébù lọ́wọ́ mi, wọ́n á wá fún mi ní lẹ́tà iṣẹ́ gidi.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá. Ó fẹ́ wádìí yìnyín tó máa ń dì sí ẹnu ẹ́ńjìnnì bàálù. Mo rẹ́rìn-ín. Yìnyín wo, ní Ọ̀tà tí adìẹ pàápàá ti ń làágùn? Ó ní òkè tí bàálù ń gbà kọjá lórí wa tutù ju kóòlùrúùmù mi lọ.

Mo kan àpótí ńlá kan fún un, mo fi ẹ̀rọ mú inú rẹ̀ tutù. Òrùka irin kan níwájú fáànù ni ẹnu ẹ́ńjìnnì wa. A ń fín omi sí i, omi náà sì ń dì mọ́ ètè irin. Páìpù afẹ́fẹ́ gbígbóná wà lábẹ́ ètè yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà kọ́ mi pé awakọ̀ bàálù kì í dúró kí yìnyín nípọn kó tó tan ooru. Ṣáájú ló ń tan án. Bó bá pẹ́, yìnyín á ya lódindi, ẹ́ńjìnnì á sì fà á mì. Mo gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo kà á sí.

Lọ́jọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò wá wo ẹ̀ka wa, mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ti wà lórí súìṣì ooru.

“Brọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n tan án báyìí.”

“Fara balẹ̀,” mo sọ ọ́ sí i létí. “Jẹ́ kó nípọn díẹ̀ sí i, kí wọ́n rí nǹkan.”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tó máa fi tan án, ègé kan ya, fáànù fà á wọlé, bíléèdì rẹ̀ sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ọmọbìnrin náà lọ ṣàlàyé iṣẹ́ náà níwájú ìgbìmọ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ béèrè ẹni tó fa ìfọ́ tó máa dá iṣẹ́ náà dúró yìí. Ó ní, “Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ wa ni, màá bá ẹ tọrọ àkókò sí i. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Ọmọbìnrin náà wò mí. Kò ní tú àṣírí àgbà níwájú àlejò. Ó ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa àfọ́kù bíléèdì nílẹ̀. Lẹ́tà mi ni mò ń rò, ojú sì ń tì mí.

“Ọwọ́ mi ló wà lórí súìṣì, sà,” ni ọmọbìnrin náà sọ.

Lẹ́tà mi dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọbìnrin náà gboyè láìsí òun láàárín wọn. Bàbá rẹ̀ wá láti Òṣogbo wá kó ẹrù rẹ̀ fún ìsinmi, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

“Ọmọ mi ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe yìnyín. Ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á san án fún yín.”

“Kò tọ́pẹ́, sà,” ni mo wí.