Ẹnubodè Tí Kẹ́mi Kọ́kọ́ Ṣí

Lánàá, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìkẹjà tan ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan kí n lè dán an wò. Òórùn eruku gbígbóná jáde lẹ́yìn rẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jowú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni pálọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Agége ṣe ń rùn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èmi àti Kẹ́mi, ọmọ wọn tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ti gbá géèmù kan lórí irú ẹ̀rọ yẹn títí dé iwájú ẹnubodè onírin ńlá kan nínú rẹ̀. A ṣàdéhùn pé a ó jọ ṣí i ni.

"O ti pẹ́ jù," ni Kẹ́mi wí nígbà tí mo wọlé. Kò wojú mi. "Mo ti ṣí i."

"Ìwọ nìkan?"

"Òkun ló wà níbẹ̀. Ẹja kan wà tó tóbi ju bọ́ọ̀sì lọ."

"Ta ló bi ẹ́?"

Ó na páàdì tí a fi ń darí géèmù náà sí mi. Òógùn ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára páàdì náà. Mo tì í padà, mo jókòó ti ògiri, mo sì ń já búrẹ́dì tí wọ́n fi rán mi sí màmá rẹ̀ jẹ.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé iléeṣẹ́ ti dá ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, àti pé ẹni tó ra ẹ̀rọ géèmù wọn ń bọ̀ wá gbé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo gbà pé Kẹ́mi kò ṣẹ̀ mí. Síbẹ̀, mo ṣì ń jowú rẹ̀. Mo ti wọ ẹnubodè yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n n kò wọ̀ ọ́ rí bíi ti Kẹ́mi, láìmọ̀ pé òkun ló wà níbẹ̀.