Ẹja Tí Mo Tún Ṣe Nínú Ìdánwò

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo pinnu pé mo fẹ́ di dókítà. Yorùbá ni mo kà jáde ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìgbògbò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé, mo máa ń dáhùn pé ó wù mí. Mi ò ní ìdí mìíràn.

Kò sí sáyẹ́ǹsì kankan nínú ìwé ẹ̀rí mi. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ ń gba lẹ́sìn ní Itamaga fún ìdánwò GCE. Méjì nínú àwọn tá a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà jẹ́ ọmọ tí mo ti nà rí nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n máa jókòó sáàárín, kí wọ́n lè máa ṣàlàyé fún mi lọ́tùn-ún lósì.

Ìyá mi ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ò tíì rí aláìsàn tó máa gbà kí tíṣà Yorùbá fọwọ́ kan òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo yege nínú físíìsì àti kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì já mi kulẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bó bá tún já mi kulẹ̀, mo ti jáwọ́ nìyẹn.

Lọ́dún kejì, lọ́jọ́ pírátíkà bàọ́lọ́jì, wọ́n gbé ẹja epìyà tútù kan síwájú oníkálukú wa, pẹ̀lú ọ̀bẹ. Nílé wa, bí ẹja àti ọ̀bẹ bá ti wà níwájú èèyàn, a kì í béèrè ohun tó kàn. Mò ń ka ìbéèrè lọ, ọwọ́ mi ń ṣe tiẹ̀. Ìgbà tí mo fi dé ibi tí wọ́n ní ká ya àwòrán ẹja náà bó ṣe rí lóde, ká tọ́ka sí ìpẹ́ àti lẹ́bẹ́ rẹ̀, mo ti ha ìpẹ́, mo ti gé lẹ́bẹ́, mo ti yọ ìfun. Ó ku ata àti iyọ̀.

Olùṣọ́ ìdánwò dúró tì mí.

"Ànńtí, ẹja kan ṣoṣo la ní fún ẹnì kọ̀ọ̀kan o."

"Ẹ ṣé, sà."

Mo ronú kan ẹja inú abọ́ ìyá mi, mo sì yà á sínú ìwé látorí dé ìrù.

Nígbà tí èsì jáde, mo rí kírẹ́díìtì, èyí tó kéré jù nínú wọn. Mo wọkọ̀ gba Agbówà lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo ro gbogbo ẹjọ́ ẹja náà fún ìyá mi kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Òróòro ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó bẹ́?"

"Kò bẹ́, mà."

"O ò sì wo ọwọ́ ẹ?"

"Mi ò wò ó. Ìbéèrè ni mò ń kà."

Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi. Orúnkún wọn ti wú, èmi ò sì mọ̀ rárá.

"Wò ó fún mi," ni wọ́n wí.

Mi ò tíì mọ nǹkan kan nípa orúnkún. Mo kúnlẹ̀, mo wò ó.