Tíṣà Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Fóònù

Púráímárì mẹ́ta ni mo ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ra ẹ̀gẹ́ láti Lanlate títí dé Èrúwà. Ọkọ̀ akẹ́rù tèmi ló ń kó o lọ Ìbàdàn. Àwọn tíṣà tó ń fi mí kúnlẹ̀ nínú oòrùn nígbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn títí wọ́n fi kú.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó yege nínú ìdánwò àṣejáde, àfi ìṣirò. Ló bá wá tíṣà méjì tó ń kọ́ni lórí fóònù, ó ní kí n yan ọ̀kan, torí èmi ni n ó sanwó.

Ẹni àkọ́kọ́ kò fàkókò ṣòfò. Bí fídíò ṣe ṣí, ó ti ń ya ìlà, ó ń bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ọmọ fi pariwo, "Bàbá, ó ti yé mi!"

Mo gba fóònù. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí bàbá ọlọ́mọ nílé yín?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ káàsán, sà." Orí àga ló wà.

"Dọ̀bálẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú fídíò, sà? Ẹ ò ní rí mi mọ́ o."

"Ògiri ẹ ni n ó máa wò."

"Ẹ jẹ́ ká parí tọmọ ná, sà."

Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tiẹ̀ ló yé mi."

Mo ní, "Tó bá yé ẹ tán, ìwọ náà á máa jókòó kí mi."

Ẹnì kejì ńkọ́? N kò tíì lanu tí orí rẹ̀ fi wọlẹ̀. Ó ku àga àti ògiri. N kò ní kó dìde. Mo pe àwọn tó ń di ẹrù, "Ẹ wá wo ọ̀mọ̀wé nílẹ̀!"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Alájì, ẹ jẹ́ ó dìde, kí èèrà má wọ̀ ọ́ létí." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun ni mo gbà.

Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kí mi, á kí ọkọ̀ mi, á kí táyà rẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀, á ní àwọn á padà síbẹ̀. Wọn kò padà síbẹ̀.

Èsì ìdánwò kejì jáde. Ìṣirò tún gbé e ṣubú. Mo pe tíṣà náà sórí fídíò kó wá rojọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀.

Ọmọ mi wo ògiri inú fóònù náà. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá. Ó ti wá mọ̀ ọ́n ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo fọ́ ọ létí.

Ó wà nílé báyìí, ó ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí mo háyà. Láràárọ̀ ló ń wá kí mi. Kì í wojú mi, ṣùgbọ́n orókún rẹ̀ méjèèjì ń kanlẹ̀ gbì.