Àdúrà Àlàájà Lórí Ọmọ Rẹ̀ Olóorun

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ghulail, ní Jẹ́dà, aránṣọ kan tí gbogbo àwa ará Nàìjíríà tó wà ládùúgbò náà ń pè ní Àlàájà. Àlàájà pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí ẹnì kan bá ti ní, "Àlàájà sọ pé," a ti mọ èyí tó ń wí. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ní Al-Utaybiyah, kò sì tíì dé Nàìjíríà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi tí mo ti Ìbàdàn wá lọ.

Èmi tẹ̀lé ọkọ mi wá ni. Dókítà ni, ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ló gbà á síṣẹ́ láti Nàìjíríà. Abáyà kan tó gùn jù fún mi ló mú mi mọ Àlàájà. Ó gé e, ó tún un rán, ó wá bi mí bóyá ọkọ mi ń jẹun dáadáa, torí òun ti rí i lójú ọ̀nà, ọrùn rẹ̀ sì tínrín. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́.

Ọkọ tirẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ ọmọ náà, ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà wọn, iṣẹ́ tó sì mọ̀ jù lọ ni oorun. Kì í ṣe pé mo ń bú u. Oorun rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ nínú ilé náà. Àwọn oníbàárà á rọra sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ á rọra ṣiṣẹ́, títí wọn yóò fi kírun Àìlà tán. Tí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá bá òun gbé ìdì aṣọ, á dáhùn láti abẹ́ kúbùsù pé, "Búkúrà, yá ummi." Ìyẹn ni pé ó di ọ̀la, ìyá mi. Yorùbá ni ìyá ń sọ sí i, Lárúbáwá ló fi ń dá a lóhùn, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Àlàájà ní òun ti ń retí ọ̀la yẹn látìgbà tí òun ti já a lẹ́nu ọmú.

Nígbà tó yá, kafíìlì wọn, ìyẹn ọmọ ìlú tó dúró fún ìwé ìgbélùú wọn, gbé bọ́ọ̀sì kékeré kan fún ọmọ náà kó máa fi gbé àwọn tó wá ṣe umrah láti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà. Inú Àlàájà dùn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á kí oorun má lọ gbé e lórí ìjókòó awakọ̀. Nítorí náà, èmi àti rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì ọ̀hún lọ́jọ́ kan, a lọ ṣe umrah, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí ọmọ ṣe ń wakọ̀. Ọmọ yán láti Jẹ́dà dé Jarwal ní Mẹ́kà, níbi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń já èrò sílẹ̀. Nínú Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, mo ń bẹ Ọlọ́run fún oore ayé àti oore ọ̀run, ni mo bá gbọ́ ohùn Àlàájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ọlọ́run mi, bá mi jí i. Mi ò béèrè ohun ńlá. Ṣáà bá mi jí i." Mo fi ìbòrí bo ẹnu, kí n má baà rẹ́rìn-ín níwájú Kaaba.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọmọ jí.

Ẹ̀rọ amúlétutù wọn tó ti ń kán omi sí àwọn oníbàárà lórí ló kọ́kọ́ tú, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kun pálọ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó to òwú ìyá rẹ̀ láti orí dúdú dé orí funfun, kò sí èyí tó ṣi àyè. Tó bá ti Mẹ́kà dé láàárọ̀, dípò kó wọ abẹ́ kúbùsù, á máa fọ kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Yorùbá. Ọmọ tó jẹ́ pé "búkúrà" ni gbogbo èsì rẹ̀ jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi Yorùbá tó dán mọ́rán sọ ìtàn èrò kan tó gbàgbé eyín àtọwọ́dá sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó sọ ọ́ títí tíì mi fi tutù, kò sì tíì dé ibi tí wọ́n ti rí eyín náà.

Ìròyìn náà tàn. Àwọn ìyá tí ọmọ tiwọn náà ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé Àlàájà. Aṣọ ni wọ́n máa ní àwọn mú wá, àmọ́ àdúrà ni wọ́n wá gbà. Àlàájà jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń kọ́ wọn: kí wọ́n ṣe àlùwàlá tó péye, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ gígùn rojọ́ fún Ọlọ́run, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n sì dákẹ́. Mo bi í bóyá àdúrà náà lè ṣiṣẹ́ lára ọkọ tó máa ń gbé ìbọ̀sẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ. Ó ronú sí i dáadáa. Ó ní tọkọ le díẹ̀, àfi kí n dúró di ìgbà Hajj.

Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé ọmọ náà ń rù. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, yóò fọwọ́ tì í. Ó tún máa ń rún eyín bíi pé ó ń jẹ nǹkan tí a kò rí. Mo sọ ọ́ fún Àlàájà. Ó ní, "Iṣẹ́ ni, àbúrò mi. Bí iṣẹ́ ṣe máa ń ṣe ẹni tí kò ṣe é rí nìyẹn."

Nígbà tí Ramadan ń bọ̀ lọ́nà, tí aṣọ sì pọ̀ lọ́wọ́ Àlàájà, ó wá kí mi ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan láìròtẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá nínú oòrùn. Kò jókòó. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Àbúrò mi, orí tó ń fọ́ mi láti àná ti lọ. Kò tiẹ̀ lọ lásán, ó kó gbogbo ẹbí rẹ̀ dání lọ. Mo ti rán gbogbo aṣọ tí wọ́n kó fún mi tán. Ṣé báyìí lo ṣe ń to kọ́bọ́ọ̀dù? Dìde níbẹ̀, jẹ́ n bá ọ tò ó."

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó tò ó, ó fi iyẹ̀pẹ̀ ha ìkòkò mi títí mo fi ń rí ojú mi nínú wọn. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní ebi ò pa òun, ebi ò pa òun láti àná. Àfìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíríìjì kúrò láyè rẹ̀, òun nìkan, kó lè gbá ẹ̀yìn rẹ̀, ni ara wá fu mí.

Fíríìjì ṣì wà láàárín ilé nígbà tí ọkọ mi wọlé wá jẹun ọ̀sán. Àlàájà kí i, ó bi í léèrè iṣẹ́, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ owó epo nílé, láìdúró gba èsì kankan. Ọkọ mi ń wo ojú rẹ̀. Ó ń wo àgbọ̀n rẹ̀. Ó fà á lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó sì fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ lò?"

"Pànádò ni."

"Irú pànádò wo?"

"Èyí tó wà lápò ṣòkòtò ọmọ mi. Mo fẹ́ fọ ṣòkòtò ọ̀hún ni mo rí i. Àbí ẹ̀yin dókítà ò mọ pànádò mọ́ ni?"

Ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Ọkọ mi tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Oògùn funfun ni, kékeré, wọ́n ya àmì bí ìlàjì òṣùpá méjì sí i lára. Ó dà wọ́n padà sínú ọ̀rá, ó ní kí Àlàájà jókòó.

"Àlàájà, èyí kì í ṣe pànádò. Oògùn tí àwọn ọmọ ń lò kí wọ́n má baà sùn ni. Kì í jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n, kì í jẹ́ kí ebi pa wọ́n, á máa mú wọn sọ̀rọ̀. Tó bá pẹ́ lára, á ba ọkàn wọn jẹ́, á sì dà wọ́n lórí rú."

Ìgbà yẹn ni Àlàájà tó jókòó lọ́jọ́ náà. Ó wo ọkọ mi, ó wo èmi náà.

"Ṣé bí ọmọ mi ṣe jí nìyẹn?"



Ọkọ mi kò jẹ́ kó lọ. Ó ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáá, ó ń fún un lómi. Àlàájà ń sunkún, àmọ́ oògùn náà kò jẹ́ kó lè sunkún lójú kan. Ó bá mi lọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi, omijé ń kán sí wọn lára, ó ní ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n tètè nà. Èmi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń sunkún.

Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ìlú yẹn, ẹni tí wọ́n bá ká irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ pé ó ń tà á lè kú sí i. Bí kò bá tiẹ̀ kú, ẹ̀wọ̀n ni, lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n wọn á dá a padà sí Nàìjíríà tí kò dé rí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ojú Àlàájà ti walẹ̀, a ránṣẹ́ pe ọmọ. Ó rí ọ̀rá náà lórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé ní Lárúbáwá.

"Yorùbá ni kó o fi sọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "O ti mọ̀ ọ́n sọ báyìí."

Ó fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ní kafíìlì fẹ́ kí bọ́ọ̀sì máa lọ máa bọ̀ tọ̀sán-tòru, oorun sì gbé òun lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ yà kúrò lójú títì pẹ̀lú àwọn arúgbó nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ àyà òun já. Awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun kan ní Jarwal ló fún òun ní ẹyọ kan. Nígbà tó ṣe, ẹyọ kan kò tó mọ́. Nígbà tó tún ṣe, awakọ̀ náà ní kí òun máa bá a mú ọ̀rá dání, kí òun máa fún àwọn awakọ̀ tó wà ní Jẹ́dà.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì bá a fún wọn," ló wí.

"Èmi náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lò ó," ni Àlàájà dáhùn. "Mo sì ti gbé fíríìjì onífíríìjì."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló di ẹkún.

Àlàájà fúnra rẹ̀ ló da ọ̀rá náà sí ilé ìgbẹ́, ó sì ń da omi lé e lórí. Ọkọ mi ṣàlàyé pé ìjọba ní ilé ìwòsàn fún irú ọ̀rọ̀ yìí, àti pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba ìtọ́jú, wọn kì í fi ẹjọ́ kàn án. Àlàájà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kó fi Kùránì búra. Ọkọ mi ní òun á ṣe ju ìbúra lọ, òun á bá wọn lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Kafíìlì gba bọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní kí ara ọmọ yá, kò sì bi wọ́n léèrè púpọ̀.

Ọmọ ṣì wà nílé ìwòsàn nígbà tí awakọ̀ Jarwal wá. Èmi wà níbẹ̀, mo ń wọn aṣọ wò. Obìnrin kan tí òun àti Àlàájà jọ dàgbà ní Al-Utaybiyah ló bí i, ọmọkùnrin tó rẹwà, tó sì mọ èèyàn kí. Àlàájà gbé ìrẹsì fún un.

"Ìyá, mo wá gba ẹrù kan lọ́wọ́ ọmọ yín ni."

"Ẹrù funfun?"

Awakọ̀ náà wolẹ̀.

"Mo ti dà á sílé ìgbẹ́," ni Àlàájà wí. "Àfi ẹyọ kan. Mo gbé ìyẹn mì."

"Ẹ gbé e mì?"

"Béèrè lọ́wọ́ ìyàwó dókítà. Jẹun, ìrẹsì ń tutù."

Ó jẹun. Ó dà bíi pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Àlàájà ní kó jẹ́ kí wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn náà, pé ààyè wà fún òun náà. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó ní ó di ọ̀la. Kò padà wá. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n mú un níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́nà Mẹ́kà. Ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ ni wọ́n dá fún un. Àlàájà lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Al-Utaybiyah, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tí a fi kúrò nílùú náà. Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ rí.

Nílé, a máa ń gbọ́ pé àwọn ọmọ ń mu oògùn ikọ́ bíi mínírà, a ó mi orí, a ó ní ọmọ àwọn ẹni tí kò kọ́ ọmọ ni. Mo gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ débẹ̀ ni. Àmọ́ ní Ghulail, mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n jáde ilé ìwé tí yunifásítì kò sí fún púpọ̀ nínú wọn, tí ìwé wọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo ayé bá ń sùn ni iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fún wọn ní ohun tí kò ní jẹ́ kí oorun kùn wọ́n, ọ̀rẹ́ ni wọ́n á kà á sí.

Ọmọ Àlàájà jáde nílé ìwòsàn. Kò rọrùn fún un. Inú ń bí i, nǹkan sì ń sú u, ó tiẹ̀ tún lò ó lẹ́ẹ̀kan kó tó padà lọ bẹ dókítà rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, iṣẹ́ ojúmọmọ. Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́.

Àlàájà kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ní ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ kan tí àwọn obìnrin péjọ sílé rẹ̀, ó rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ti ìkòkò, ti fíríìjì, ti ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Ó wá ní, "Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní àdúrà, ẹ máa gbà á lọ. Àmọ́ tí ẹ bá rí i pé ó tètè gbà jù, ẹ yẹ àpò ṣòkòtò wò."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń tú ká, obìnrin kan dúró sẹ́yìn, ó tú tíṣù kan sórí tábìlì ìránṣọ.

"Àlàájà, ẹ bá mi wò ó. Ọmọbìnrin mi ní oògùn tí àwọn fi ń kàwé ìdánwò mọ́jú ni."

Àlàájà fi awò tó fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ sójú, ó tẹ̀ ba lé e. Ó gbójú sókè sí mi.

"Àbúrò mi," ló wí, "pe ọkọ rẹ fún wa."