Orúkọ Tí Wọ́n Fi Aṣọ Bò

Bàbá mi kì í ṣe olówó. Oko kòkó kan ṣoṣo tó ní lẹ́bàá títì ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló gé lulẹ̀ fúnra rẹ̀, tó fi ilẹ̀ náà ta ìlú lọ́rẹ kí wọ́n lè kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí i. Ọmọ tí ìyá mi bí ṣáájú mi ti kú sójú ọ̀nà Iléṣà, nínú lọ́rì, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìyá mi lọ bímọ. Àwọn àgbà ìlú dúpẹ́ títí. Wọ́n ní orúkọ bàbá mi làwọn máa kọ sára ilé náà. Bàbá kú kí wọ́n tó kan òrùlé, ó wá ku ìyá mi nìkan tó ń dúró de orúkọ yẹn.

Àfi ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó pé ilé ti parí, kí n wá mú ìyá mi lọ síbi ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀. Mo gbàyè níbi iṣẹ́ ìjọba tí mò ń ṣe ní Òṣogbo. Lọ́dọ̀ wa, onílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣàdúrà sí ilé tuntun. Bí onílẹ̀ ò bá tíì fọhùn, àwọn àgbà ò ní wọlé, aboyún á sì máa bẹ̀rù ibẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wa ni. Òmùgọ̀ èmi!

Ìyá mi ti wẹ̀, ó ti ró ẹtù kí n tó dé.

"O mà pẹ́ o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ṣí ulé bàbá rẹ lẹ́yìn mi ni?" Ulé làwa Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé.

"Ẹ má bínú, Màámi. Ọ̀nà Ìbòkun yẹn ni."

Nígbà tí a dé ibẹ̀, a bá aṣòfin àtijọ́ kan níwájú, ó jókòó gbagidi nínú agbádá. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú òṣèlú, Àbújá ló ń gbé. Kànga ẹ̀rọ tí kò yọ omi rí nìkan ni mo mọ̀ pé ó ṣe fún ìlú náà. Mo rò pé àlejò lásán ni.

Wọ́n pe ìyá mi. Ó bọ́ bàtà, ó fọwọ́ lé ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé tí wọ́n fi aṣọ bò.

"Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé yìí, orúkọ rẹ̀ ò ní parẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní ráhùn. Gbogbo ìyá tó bá gbọ́ ohùn ọmọ níbí, òun ni wọn yóò máa súre fún."

Gbogbo wa ṣe àṣẹ. Ti aṣòfin ló ròkè jù.

Alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wá fa aṣọ náà. Mo kà á, mo tún un kà. Orúkọ aṣòfin ni, gàdàgbà gàdàgbà, pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀. Ti bàbá mi ò sí níbẹ̀, kódà ní kékeré nísàlẹ̀. Ìyá mi ò mọ̀wé. Ó ń jó! Ó lọ kúnlẹ̀ fún aṣòfin, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ọkọ mi." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí àwọn onífọ́tò.

Mo fa alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀yin àgbà yìí, ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

"Jọ̀ọ́, má pariwo. Àṣẹ látòkè ni. Bí a bá ti sọ fún Màmá, ṣé wọ́n á gbà láti ṣàdúrà?"

Gbogbo ìlú ló mọ̀! Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Inú ń bí mi dòní, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti dárí jì wọ́n.

Nígbà tí èrò túká, ìyá mi fà mí lọ síbi ògiri. "Ka orúkọ bàbá rẹ sí mi létí."

Mo ka ohun tí wọ́n kọ.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kó tún àdúrà náà ṣe, kó dárúkọ bàbá mi lọ́tẹ̀ yìí. Ó mi orí.

"Wọ́n ti ṣe àṣẹ sí i," ó ní. "Ó ti di tiẹ̀."