Oríkèé Ìka Tí A Jogún Nílé Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ìka ara mi fojú mi rí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní àdúgbò Marcory lẹ́yìn odi níbí mọ̀ pé irun ni mò ń dì jẹun. Láìpẹ́ yìí, tí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á le bí igi. Àwọn oríkèé wá ń yọ kókó. Mo ní iṣẹ́ ni, á lọ.

Bàbá Kudi, ọkọ mi, ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n bi mí pé òrùka ìgbéyàwó wa dà? Mo ní kò kọjá oríkèé mọ́. Wọ́n wò mí títí! Ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹ mọ irú ìwò yẹn? Mo na ìka sí wọn, mo kó òrùka lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tì í wọlé. Wọ́n tì í, mo ké "Yéè!"

Wọ́n ní, "Ìyá Kudi, ọsibítù ti yá nìyẹn."

Ká sòótọ́, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n ti lọ. Tí wọ́n bá ní kí n má dìrun mọ́ ńkọ́?

Èmi àti Bàbá Kudi bá lọ. Dókítà tó rí mi, ọmọ tí mo lè bí, tẹ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ya fọ́tò egungun. Ó ní arthrose ni, ara ohun tí àwa ń pè ní làkúrègbé. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nílé wa nírú ìka yìí. Mo ní ìyá mi ni, àmọ́ omi tútù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ló ṣe tiwọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n pe ilé.

Níbẹ̀ náà, mo bá pe ilé wa ní Ṣakí lórí fídíò. Ìyá mi na ọwọ́ sí fóònù. Àbúrò wọn obìnrin náà na tiwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò fọ aṣọ rí láyé wọn, ní kí wọ́n gbé fóònù wá. Ìka kan náà!

Ìyá mi pariwo: "Háà! Mo kàn ń bú omi lásán láti ọjọ́ yìí!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bàbá Kudi.

Dókítà wá ṣàlàyé. Ó ní ohun rírọ̀ kan ló bo orí egungun kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Àwọn ìran kan wà tí ohun rírọ̀ tiwọn máa ń tètè gbó. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àmọ́ àjogúnbá nìkan kọ́ o! Tí ibẹ̀ bá ti ń gbó, ara á máa bá a jà, á wú, á gbóná, ìwú yẹn á sì tún máa bà á jẹ́ sí i. Ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ọwọ́ náà máa ń dá kún un. Ẹlòmíì jogún ẹ̀, kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu rárá.

Mo bi í pé: "Ṣé kí n fi irun dídì sílẹ̀ ni?"

Ó ní rárá! Kí n máa sinmi ọwọ́, kí n máa ki ìka bọ inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n máa fi òògùn tí òun kọ pa á, kí n sì jìnnà sí òògùn ojú títì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn!

Ní báyìí, àbúrò mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń di irun wẹ́wẹ́, èmi ń dì ńlá ńlá. Ìka ṣì ń le láàárọ̀, àmọ́ kò dẹ́rù bà mí mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, kẹ́ ẹ sì tètè lọ yẹ ara yín wò. Ilé tiyín ńkọ́? Ṣé ìka ni ẹ jogún, àbí orúnkún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ rẹ́rìn-ín!