Ife Tó La Eérú Já

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Dutse Alhaji, ìgò ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀ láàárọ̀ kí n tó bọ́jú. Bàbá mi, ọmọ Ìkirè, kọ́ iṣẹ́ ìgò fífẹ́ lọ́dọ̀ bàbá Núpé kan ní Bídà, ó sì ní ṣẹ́ẹ̀dì kékeré kan ní Idu. Ìgò tí àwọn èèyàn ti jù nù là ń ṣà. A ó fọ̀ wọ́n, a ó rún wọn wẹ́wẹ́, Bàbá á yọ́ wọn nínú ààrò títí wọn á fi rí bí oyin. Á fi ẹnu ọ̀pá irin oníhò kan bu díẹ̀, á máa yí i, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, á sì wú di ife.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Abuja, ẹ ó rántí bí ọyẹ́ ṣe máa ń la ètè wa. Èmi kì í gbọ̀n. Ẹ̀bá ààrò ni mo máa ń wà, tí màá máa fi epo jẹ iṣu tí a sun sínú eérú. Àwọn yòókù ń ṣeré tẹn-tẹn níta, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí. Ìtìjú yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí n pẹ́ nílé ìwé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí Bàbá gbé ọ̀pá yẹn fún mi. Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń kọ́. Káyọ̀dé á ní, "Ẹni tí kò lè kí àlejò sókè, òun ló fẹ́ fẹ́ ìgò?"

Lọ́dún tí ọkọ̀ ojú irin Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í ná Idu, Bàbá gbà kí n fẹ́ ẹyọ kan wò. Inú eérú gbígbóná la máa ń bo ife tuntun mọ́ di ọjọ́ kejì, kó lè rọra tutù. Èyí tí kò bá dáa, ibẹ̀ ló máa fọ́ sí. Bàbá ní, "Àdùkẹ́, tí tìẹ bá la eérú já, màá fún ọ ní ọ̀pá tìrẹ. Tó bá fọ́, padà sídìí ìgò tí ò ń fọ̀."

Mo fẹ́ ife aláwọ̀ ewé kan. Ó dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó dára ju ti Káyọ̀dé lọ. Bí Bàbá ṣe yíjú, mo yọ́ ìgò oògùn aláwọ̀ búlúù, mo fi fa ìlà sí i lára. Lọ́jọ́ kejì, ife mi ti ya sí mẹ́ta nínú eérú, níbi ìlà yẹn gan-an.

Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. "Ìgò tí kì í ṣe irú kan náà kì í bára wọn tutù. Ọ̀kan á súnkì ju èkejì lọ, wọ́n á fa ara wọn ya."

Mo tún fi odindi oṣù kan fọ ìgò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ wọ́n, bí wọ́n ṣe wúwo sí, bí wọ́n ṣe ń dún tí mo bá fi èékánná ta wọ́n. Mo ṣa irú kan náà jọ títí àpò kan fi kún, mo gbé e síwájú Bàbá. Ó wo inú àpò, ó na ọ̀pá sí mi.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Káyọ̀dé máa ń fẹ́ ẹ bí ẹni ń koná. Èmi fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ kékeré.

Lówùúrọ̀, Bàbá wú eérú. Ife mi jáde lódindi! Ó fi èékánná ta á, ó dún bí agogo. Ó da kùnú sí i, ó mu, ó gbé e fún Káyọ̀dé.

"Kai! Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀!"

"Gbogbo èémí tí kò fi sọ̀rọ̀ ló kó síbẹ̀," Bàbá dá a lóhùn, ó sì fún mi ní ọ̀pá tèmi.

Lónìí, gáàsì ni mo fi ń yọ́ ìgò, ife oníke sì ti kún ọjà débi pé àwọn ọmọ kò mọ̀ pé èèyàn lè fẹnu fẹ́ ife. Láyé ọjọ́un, tí oníbàárà bá béèrè ẹni tó ṣe ife, ẹ̀yìn Bàbá ni mo máa ń sá sí. Ojú ṣì ń tì mí o. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá béèrè báyìí, màá gbójú sókè, màá ní, "Èmi ni."